Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ àti Ìpéjọpọ̀ ní Wárì: Kò Yọ Àlejò Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé Wárì, Ẹfurun, Sàpẹ́lẹ̀ àti Ughelli. Nígbàkúùgbà tí ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn bá ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọn a ní ìjà onílẹ̀ ni, kò kan àwọn. Òwò ni àwọn bá wá. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n létí. Ẹni tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Igbudu, tàbí tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ẹ̀bá títì tí ó lọ sí Sàpẹ́lẹ̀, kò ní kí ọ̀rọ̀ òfin àti ìwọ́de gba oorun lójú òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọjọ́ ìpàdé oṣù, ẹni kan náà a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a lọ bá àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, a san owó oṣù, a dá owó ìsìnkú, a sì bá wọn yan alága. Ìpàdé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Orí òfin tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ dúró lé láti péjọ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà dúró lé; bí wọ́n bá sì gbẹ́ ìdí rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè èwo ni ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti èwo ni ẹgbẹ́ onísìnkú kí ilé ó tó wó.

Wárì kì í ṣe ìlú tí a lè sọ ìtàn rẹ̀ kí a má dárúkọ ẹgbẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1931, àwọn ọmọ Ùróbò kan kó ara wọn jọ níbẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó wá di èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Urhobo Progress Union. Mukoro Mowoe, gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Wárì, ni ó di aṣáájú rẹ̀, ó sì wà ní ipò náà títí ó fi kú ní ọdún 1948. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn odi fi ọkàn sí ni pé àwọn ọmọ Ùróbò tí wọ́n jáde kúrò nílé ni wọ́n jẹ́ òpó ẹgbẹ́ náà. Àwọn akọ̀wé wà ní Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ wà ní ilẹ̀ Hausa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ní agbègbè Òkìtìpupa, tí wọ́n ń gun ọ̀pẹ tí wọ́n sì ń ṣe epo pupa tà. Ẹni tí ó gun ọ̀pẹ ní oko Ìkálẹ̀ dá owó, ẹni tí ó kọ ìwé ní Èkó dá owó, títí owó náà fi tó láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Urhobo College, tí ó wà ní Ẹfurun títí di òní. MacNeil Gabriel Ejaife, tí ẹgbẹ́ fi owó ìdáwó rán lọ sí yunifásítì, ni ó padà wá di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí òyìnbó ń ṣe ìjọba. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìrànwọ́ pàtàkì kan ju pé wọn kò dí wọn lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ìlú London ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní ọdún 1945, kí ó tó di pé wọ́n wá ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1948. Ẹ̀yìn odi ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1966, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi fi òfin kẹtàlélọ́gbọ̀n pa ẹgbẹ́ òṣèlú 81 rẹ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀yà àti ti àṣà 26. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà wà nínú àwọn tí wọ́n pa rẹ́. Ìdí tí ìjọba sọ kò ṣàjèjì: ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè, àti pé ẹgbẹ́ ẹ̀yà ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé àwọn òṣèlú nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bá ẹni tí ó ń san ṣílè kan lóṣù kí wọ́n lè rí ọ̀nà gbé òkú rẹ̀ padà sílé bí ó bá kú sí ìlú onílùú. Ìṣọ̀kan tí wọ́n torí rẹ̀ pa àwọn ẹgbẹ́ náà rẹ́ kò sì ti ibẹ̀ wá. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, àti ti 1999 tí a ń lò lónìí, kọ ọ́ kedere pé ènìyàn lómìnira láti péjọ àti láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Abala ogójì ni ó wà nínú èyí tí a ń lò. Ohun tí abala náà sọ ni pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni. Kò sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ ni. Kò béèrè ìlú baba ẹni kí ó tó fún ni láyè. Àlejò tí ó wà ní Wárì láti ọdún méjì àti ẹni tí wọ́n bí baba-ńlá rẹ̀ sí Okere, bákan náà ni wọ́n rí níwájú abala ogójì. Lóòótọ́, abala karùndínláàádọ́ta fún ìjọba láyè láti ṣe òfin tí ó lè dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú. Ibẹ̀ sì ni gbogbo àríyànjiyàn ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ni ó fi ohun tí ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ han àwọn ará agbègbè Wárì, àwọn obìnrin ni ó sì kọ́kọ́ yé jù. Ní ọdún 1984, àwọn obìnrin Ogharefe kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ epo tí ó wà ní ilẹ̀ wọn, wọ́n ń béèrè owó ilẹ̀, omi àti iná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, àwọn obìnrin Ekpan ṣe bákan náà ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìfọpo Wárì, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ní ọdún 1978. Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè nígbà méjèèjì. Kò sí ìwé ìròyìn kan tí ó pè wọ́n ní ẹgbẹ́ aráàlú nígbà náà. Ìyá ọlọ́jà ni wọ́n, wọ́n mọ ara wọn láti ọjà àti láti inú ìjọ, wọ́n sì rán ara wọn níṣẹ́ láti ilé dé ilé.

Èyí tí ayé gbọ́ jù ni ti ọdún 2002. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn obìnrin Ìtsẹkírì láti Ugborodo àti àwọn ìletò àyíká rẹ̀ wọ ibùdó epo Chevron ní Escravos, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Ohun ìjà tí wọ́n ní kò ju èyí tí ìyá ẹnikẹ́ni ní lọ: wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá lé àwọn, àwọn yóò tú aṣọ sílẹ̀ ní gbangba. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò béèrè ìtumọ̀ èyí. Ilé-iṣẹ́ náà jókòó tì wọ́n, ó sì ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn, iná mànàmáná, omi àti ilé-ẹ̀kọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀ ni àwọn obìnrin Ìjọ̀ ti gba àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń kó epo jọ ní àgbègbè tiwọn. Àwọn ẹ̀yà méjì yìí ni wọ́n ti ń pa ara wọn láti ọdún 1997, nígbà tí wọ́n gbé olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Wárì kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2002 ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin láti oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ lọ sí ọ́fíìsì Shell àti ti Chevron ní ìlú Wárì. Ìtsẹkírì wà níbẹ̀, Ìjọ̀ wà níbẹ̀, Ìlàjẹ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi tajútajú àti ẹgba tú wọn ká. Àwọn tí wọ́n lù kì í ṣe ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí ó kàwé gboyè. Ẹlẹ́ja àti oníṣòwò gàrí ni púpọ̀ nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ìlàjẹ jẹ́ Yorùbá. Etí òkun ìpínlẹ̀ Òǹdó ni ilé wọn, omi kan náà ni wọ́n sì ń bá Ìtsẹkírì àti Ìjọ̀ pín. Àwọn obìnrin wọn kò lọ sí Wárì láti wòran. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, nǹkan bí ọgọ́fà ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun pèpéle ìwapo Parabe tí Chevron ní lórí òkun, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe omi àti ilẹ̀ wọn tí ó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba fi hẹlikópítà tí Chevron háyà dé, wọ́n yìnbọn, ẹni méjì sì kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní ńṣe ni àwọn ọ̀dọ́ náà mú òṣìṣẹ́ òun ní ìgbèkùn. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn wá fọwọ́ wọ́nú ni. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, wọ́n sì ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án kí ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú tó dá Chevron láre ní oṣù kejìlá ọdún 2008. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gbà pé ìdájọ́ náà tọ́, tàbí kí ó má gbà. Ohun tí kò ṣeé jiyàn ni pé àwọn apẹja láti etí òkun Ìlàjẹ kò lè dá nìkan gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá òkun. Àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, ti ilé àti ti òkèèrè, ni wọ́n bá wọn rù ú. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kò kan òun gbàgbé pé ó ti kan ẹ̀gbọ́n òun.

Níbi tí kò sí àyè fún ẹnu, ọwọ́ ni yóò sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1997 títí dé 2003, ìjà Wárì ti gba ẹ̀mí púpọ̀, ó ti sun ilé púpọ̀, ó sì ti lé ẹgbàágbèje ènìyàn kúrò nílé wọn, onílẹ̀ àti àlejò. Àwọn kan a máa fi ìjà yìí ṣe ẹ̀rí pé kò yẹ kí a fún ẹgbẹ́ láyè púpọ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ àwọn obìnrin ọdún 2002 tako èrò yìí. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń yìnbọn mọ́ ara wọn lórí ibi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà, ìpéjọpọ̀ lásán ni ó kó àwọn ìyá wọn jọ sí ojú kan.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ọlọ́pàá náà ti pẹ́ tí ó ti ń da ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lójú rú. Títí di òní, àwọn alága ẹgbẹ́ kan ní ìlú onílùú kò gbàgbọ́ pé àwọn lè péjọ ní gbangba láìjẹ́ pé ọ̀gá ọlọ́pàá buwọ́ lùwé. Àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ A.N.P.P. ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù lẹ́yìn tí ọlọ́pàá da ìpéjọpọ̀ wọn rú ní Kano ní ọdún 2003. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre ní ọdún 2005. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2007 pé ìwé ìyọ̀ǹda kò pọn dandan kí ará ìlú tó lè péjọ ní ìrọ̀wọ́-rọsẹ̀. Kí ẹgbẹ́ fi tó ọlọ́pàá létí kí wọ́n lè ṣọ́ títì, ìwà ọmọlúàbí ni. Kí ó máa tọrọ àyè kí ó tó lè pé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Bí ìdájọ́ ti wà nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ojú títì a máa yàtọ̀ sí i, ìpínlẹ̀ Delta ni ó sì tún fi èyí hàn. Ìlú Ughelli, tí kò jìnnà sí Wárì, ni fídíò kan ti jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá SARS yìnbọn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìjọba ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná ti ràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìwọ́de ti gba gbogbo ìlú ńláńlá, ìjọba sì kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé òun ti tú SARS ká. Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà ni àwọn ológun yìnbọn ní Lẹkkí, ní Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí ó yẹ kí akápò gbogbo ẹgbẹ́ rántí wá tẹ̀lé e: báńkì àgbà gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ láti ti àkáǹtì 20 pa, ti àwọn tí ó ní ọwọ́ nínú ìwọ́de náà. Oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ti dá ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ Lẹkkí ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2024 pé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn olùpẹ̀jọ́ lójú.

Òfin tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kà jù ni èyí tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, tí a ń pè ní CAMA. Ó rọ́pò ti ọdún 1990. Gbogbo ẹgbẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ C.A.C., ìbáà ṣe ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ni ó wà lábẹ́ ìpín kẹfà rẹ̀. Ní abala 839, àjọ náà lè dá àwọn tí dúkìá ẹgbẹ́ wà ní ìkáwọ́ wọn dúró, kí ó sì yan ẹlòmíràn láti máa darí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá gbà pé wọ́n hùwà àìtọ́, pé wọ́n ṣe owó báṣubàṣu, tàbí pé ire aráàlú béèrè bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú lè gba kóòtù lọ láti béèrè pé kí wọ́n dá wọn dúró. Àwọn abala tí ó tẹ̀lé e sọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ìgbà pípẹ́: báńkì yóò sọ fún àjọ, bí ẹgbẹ́ kò bá sì lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ṣì wà láàyè, orúkọ rẹ̀ lè parẹ́ kí owó rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìjọba kò ní ìdí kankan. Ta ni kò mọ alága tí ó fi owó gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kọ́ ilé ara rẹ̀? Ta ni kò rí ẹgbẹ́ olórúkọ ńlá tí ó gba owó láti òkèèrè fún omi mímu, tí kò sì sí ẹnu ẹ̀rọ kan ní abúlé tí ó dárúkọ? Ẹni tí ó ń san owó oṣù ní ẹ̀tọ́ sí ààbò. Ọ̀rọ̀ tí ó léwu nínú òfin náà ni “ire aráàlú”. Kò sí ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìjọba òní lè fi bá olè wí. Ìjọba ọ̀la lè fi bá ẹni tí ó sọ òtítọ́ wí, ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1966 sì ti fi bí ó ṣe ń rí hàn. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo, wọ́n sì gba kóòtù lọ. Kí òfin yìí tó dé ni àwọn aṣòfin kan ti gbé àbá kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin tí ìbá dá àjọ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso gbogbo ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, nígbà tí wọ́n pe aráàlú láti wá sọ tẹnu wọn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tú jáde láti tako àbá náà, kò sì di òfin.

Kì í ṣe ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Orílẹ̀-èdè Hungary, ní Yúróòpù, ṣe òfin kan ní ọdún 2017 pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń gba owó láti òkèèrè ju iye kan lọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára gbogbo ìwé rẹ̀ pé olówó òkèèrè ni òun. Ilé-ẹjọ́ àgbà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní òfin náà kò tọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Hungary sì fagi lé e ní ọdún kejì. Rọ́ṣíà ti ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2012, kò sì sí kóòtù tí ó lè dí i lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò ju pé ẹnì kan wà tí ó lè sọ fún ìjọba Hungary pé ó tó. Ní tiwa, ìwé òfin orílẹ̀-èdè àti kóòtù ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹni tí ó bá lọ bá wọn nìkan ni wọ́n sì lè gbọ́ tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ onílẹ̀ ní ọba, ó ní ìjòyè, ó ní ọmọ rẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Asaba. Bí wọ́n bá tì í pa ní òwúrọ̀, ẹnì kan yóò pe ẹnì kan kí oòrùn tó wọ̀. Ẹgbẹ́ àlejò kò ní ju ìwé rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi burú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá ní ẹ̀yìn odi kò tọ́jú ìwé náà. Àwọn mìíràn ti forúkọ sílẹ̀ láti ogún ọdún, méjì nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ti kú, ẹ̀kẹta ti padà sí ilé, àkáǹtì sì wà ní báńkì kan tí kò ní orúkọ yẹn mọ́. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pa ara rẹ̀ kí ìjọba tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òfin ọdún 2020 béèrè pé kí ẹgbẹ́ fi ìwé ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí àjọ C.A.C. láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Orúkọ, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì àwọn tí dúkìá wà ní ìkáwọ́ wọn ni yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ bá ní àti ìyípadà tí ó bá dé bá ìwé òfin ẹgbẹ́ láàárín ọdún. Ọ́fíìsì àjọ náà wà ní Asaba fún àwọn tí wọ́n wà ní ìpínlẹ̀ Delta.